Ìrírí mi: ìdá 65 ti EU, àti connector Switzerland tó dá mi dúró

Ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì, ìyẹn ìdá owó ẹ̀yà inú ọjà wa tí a lè kà sí ti EU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù. Kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ti já sí 63, a sì ti ná owó ìdánwò tí kò sí nínú ètò wa rárá. Bẹ́ẹ̀, òfin EU tó mú wa ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò le.

EDIRPA ni orúkọ rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni EU ṣe é, kí àwọn orílẹ̀-èdè wọn lè máa pawọ́ pọ̀ ra ohun ìjà dípò kí kálukú máa dá ra tiẹ̀. Ó kéré tán, orílẹ̀-èdè mẹ́ta gbọ́dọ̀ jọ ra nǹkan kan náà. EU á wá fi owó kún un, kò ní ju ìdá 15 iye iṣẹ́ náà lọ. Ó lè di 20 bí Ukraine tàbí Moldova bá máa gbà lára ọjà náà. Àmọ́ owó ẹ̀yà inú ọjà tó jẹ́ ti EU, tàbí ti Norway, Iceland àti Liechtenstein, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 65 iye ọjà náà.

Àpótí tó ń pín iná nínú ọkọ̀ ológun ni tiwa. Òfin sọ pé ọjà tó ti parí, ìyẹn odindi ọkọ̀, ni kó dé 65. Agbaṣẹ́ṣe àgbà ló ní kí àpótí tiwa náà dá dé e, kí ọkàn tiẹ̀ lè balẹ̀. Èyí bí mi nínú púpọ̀, torí àwa ni ìnáwó rẹ̀ já lé lórí.

Ẹ̀yà inú àpótí kan jẹ́ €4,000. Mo ka €3,470 sí ti Yúróòpù. Connector wa, ìyẹn ohun tó ń so wáyà pọ̀, €310, Switzerland ni wọ́n ti ṣe é. Lójú àwòrán ilẹ̀, àárín EU gan-an ló wà, Switzerland sì wà nínú EFTA, ẹgbẹ́ òwò àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan tí kò sí nínú EU, bíi Norway. Àṣìṣe mi nìyẹn: àwọn ọmọ EFTA tó wọ EEA, àdéhùn tó so wọ́n mọ́ ọjà EU, nìkan ni òfin mọ̀, Switzerland kò sì wọ̀ ọ́. A bọ́ sí 79.

Èyí tó burú jù ni pátákó onítáńsítọ̀, €640. Oníṣòwò kan ní Jámánì ló tà á fún wa, orúkọ Jámánì ló wà lórí ìwé owó rẹ̀, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwé owó kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan, ibi tó ti ń gbowó ló ń sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ oníṣòwò yìí kó fún mi ní lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́ẹ̀kíní, ó fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ńlá. Nígbà tí lẹ́tà gidi dé, Malaysia ló wà níbẹ̀. €2,520 ló kù: ìdá 63.

A kò lè fọwọ́ kan pátákó náà, torí sọ́fíwíà wà lórí rẹ̀. Connector la pààrọ̀: ti Faransé, €345. €2,865 nínú €4,035, ìdá 71. Ìṣirò yẹn dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ológun kì í gba connector tuntun lásán: a tún àpótí náà gbọ̀n lórí ẹ̀rọ, a tún fi omi dán an wò, a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń da rédíò láàmú. Ìdánwò yìí ló jẹ owó, kì í ṣe €35.

Ká ní mo tún máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ẹni tó ṣe ẹ̀yà ni n ó kọ́kọ́ béèrè, kí a tó dá iye lé ọjà, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wọ́n jù. Ìṣó olówó pọ́ọ́kú, kódà kó tó ọgọ́rùn-ún, kò lè gbé ìdá kan sókè.

EDIRPA parí ní ìparí ọdún 2025. SAFE, ètò ẹ̀yáwó €150 bílíọ̀nù tí EU fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, tún mú ìdá 65 yẹn wá, nítorí náà fáìlì yìí kan náà ni mo ń lò. Mo fi Ukraine kún àwọn tí à ń kà. Ibi tí Switzerland wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà: níta.