Bí ẹ ṣe lè gbọ́ ráàpù àwọn ọmọ àdúgbò kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń gbọ́ orin kan nínú spíkà kékeré ẹ̀, bí mo ṣe wọlé báyìí mo ní "pa rádaràda yẹn jàre", ó pa á, kò sọ nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá rántí pé nígbà tí èmi náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá mi yọ kásẹ́ẹ̀tì fújì mi jù síta, ó ní orin ọmọ ìta ni. Fújì o! Tí wọ́n ti ń lù níbi ìnáwó gbogbo báyìí. Ni mo bá pe ọmọ náà, mo ní kó wá bá mi kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn sínú ìwé, kó má yọ nǹkan kan kúrò. Ibẹ̀ ni ohun tí mò ń kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àdúgbò ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀, torí àwọn ọmọ yẹn ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún wọn.

Ẹ kọ orin yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, torí àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ orin jọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n á kàn kọ "oko" láìsí àmì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ ìyàwó, ibi tó bá sì jẹ́ èdè ìgboro gan-an ni wọ́n máa ń fò. Ọmọ tó mọ orin náà lórí ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Kó máa pè é, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, kẹ́ ẹ máa dá a dúró, kí ni wọ́n ń pè báyìí, ta ló ń bá wí? Ojú á kọ́kọ́ tì í, pàápàá tí ọ̀rọ̀ rírùn bá wà níbẹ̀, ẹ ní kó fo ibẹ̀ ná, ẹ ó padà débẹ̀. Orin tí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lè gbà yín ní wákàtí kan àtààbọ̀.

Ẹ tún bi í pé níbo ni olórin yẹn ti wá, ọdún wo ló sì kọ ọ́, torí ọdún máa ń la ọ̀rọ̀ yéni. Tẹ́ ẹ bá rí orin 2019 tàbí 2020 tí orí dàda, táttù, láptọ́ọ̀pù àti ọlọ́pàá jọ wà lójú kan, SARS ló ń sọ yẹn, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 kó máa mú adigunjalè, tó wá di pé ọmọ tó bá gbé iPhone dání ló ń mú, tí wọ́n wá kéde ní 11 Oṣù Kẹwàá 2020 pé àwọn ti tú u ká lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti dí títì pa. Tó bá sì jẹ́ orin 2022 ni, tọ́mọ kan ń kọrin pé ilé ti sú òun, ẹ rántí pé 14 Fẹ́búárì ọdún yẹn ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn ọmọ yunifásítì fi jókòó sílé. Ẹni tí ò mọ èyí á ní ọ̀lẹ lọmọ náà.

Ibi tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù lọ nìyí: àdúrà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé èébú, owó àti ìdí obìnrin ló kún inú ráàpù àdúgbò, wọn ò ka iye ìgbà tí wọ́n ń pe Ọlọ́run níbẹ̀. Ẹ mú bírò pupa, ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo àdúrà tẹ́ ẹ bá rí. Àwa Yorùbá kì í ṣàdédé gbàdúrà, ẹni tó ní "a ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà", jàǹbá mọ́tò ló ń sá fún. Torí náà, ẹ bi ara yín pé kí lọmọ yìí ń sá fún. Kóun má kó sọ́wọ́ ọlọ́pàá, kóun má ṣẹ̀wọ̀n ẹlẹ́wọ̀n, kí ọ̀rẹ́ má ta òun, kóun má kú kí màmá òun tó jẹun ọmọ. Ẹ yí ìkọ̀ọ̀kan sódì, ẹ ó rí àdúgbò yẹn kedere. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kóun má ṣẹ̀wọ̀n ẹlẹ́wọ̀n, ó mọ ẹnì kan tí wọ́n kó nígbà tí ọlọ́pàá wá réèdì ìgboro, tí ò rówó béèlì, tó wà níbẹ̀ di báyìí, kò sì parọ́, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, kóòtù ò tíì dá wọn lẹ́jọ́. Kí ọmọ ọdún méjìlélógún wá máa bẹ Ọlọ́run kóun má kú ṣáájú ìyá òun, tó sì jẹ́ pé nínú orin jíjó ló ti ń sọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Lẹ́yìn àdúrà, ẹ wo fáàrí. Dagrin, olórin ráàpù tó kú ní April 2010 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní Mushin, pe àlíbọ́ọ̀mù tó gbé jáde ní 2009 ní C.E.O., ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni Chief Executive Ọmọ Ìta. Ipò tí wọn kì í gbé fún ọmọ tí ò ní sátífíkéètì, ó kàn gbé e fún ara ẹ̀, ó tún so "ọmọ ìta" mọ́ ọn nídìí! Èmi ò tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa tó báyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ fáàrí àwọn tó kù, ohun tí wọ́n bá fi ń yangàn, ẹ wò ó bóyá òun náà ni wọn ò ní. Ọmọ tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe fáàrí, ẹ bi í bóyá iná dé àdúgbò wọn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yahoo nìkan ni mi ò ti ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbà pé kí wọ́n máa ki olè, kò sí bí wọ́n ṣe lè lu bíìtì ẹ̀ kó dùn tó. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pa orin yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó sọ nípa iṣẹ́, torí ní 2019 tí wọ́n ní owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 30,000 náírà, ẹ bá mi ṣírò owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Island, àlọ àtàbọ̀, fún ọjọ́ méjìlélógún, kẹ́ ẹ wá sọ iye tó kù fún mi.

Ẹ má fojú fo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà. Ẹ wo "sapa". Wọ́n á ní sapa mú mi, bí èèyàn ṣe ń sọ pé òtútù mú mi, bí wọ́n tún ṣe ń sọ pé ọlọ́pàá mú mi. Lẹ́nu wọn, àìlówó ti di nǹkan tó lẹ́sẹ̀ tó lọ́wọ́, tó ń dọdẹ èèyàn kiri, "japa" ló sì kù, kéèyàn sá fún un tán. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe àìlówó, ọlọ́pàá àti oògùn sílẹ̀, èyí tí orúkọ ẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n ń bá pàdé jù.

Ti oògùn yẹn náà, ẹ rọra o. Nígbà tí Olamide, olórin ọmọ Bàrígà, gbé "Science Student" jáde ní January 2018, tó ń pe àwọn tó ń po oríṣiríṣi nǹkan mu ní akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn kan ní ṣe ló ń kọ́ ọmọ wa ní ìmukúmu, òun náà jáde wá sọ pé òun ò sí lẹ́yìn oògùn olóró. Ó di 1 May ọdún yẹn kan náà kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde pé àwọn ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní kódíìnì wọlé, lẹ́yìn tí BBC ti gbé fídíò ìwádìí síta. Oṣù mẹ́rin ni orin fi ṣáájú. Àwa tó wà nílé ńkọ́? À ń jó o.

Ẹ tún ka iye ìgbà tí "màmá mi" jáde nínú orin kan, kẹ́ ẹ wá wá bàbá. Nínú àwọn tí èmi ti kọ sílẹ̀, ìyá wà níbi gbogbo, ó ń tajà, ó ń gbààwẹ̀, ó ń dúró de ilé tí wọ́n máa kọ́ fún un, àmọ́ bàbá, tó bá tiẹ̀ yọjú rárá, ìlà kan péré ni. Ẹ má fi ìyẹn da ọmọ láàmú pẹ̀lú ìbéèrè. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan á ní Amẹ́ríkà la ti jí ráàpù wá. Òótọ́ ni pé Bronx ní New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, pátí tí DJ Kool Herc ṣe ní August 1973 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tálákà ló sì wà nídìí ẹ̀ níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa ki ara ẹ̀, kó bú ọ̀tá, kó súre fún ọ̀rẹ́, kó sì bèèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ bá oníjàálá.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún sha, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ṣe, ẹni tí ò fojú rí ìbọn rí lè yìn ín nígbà mẹ́wàá nínú orin kan, torí náà kò yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ orin mú ọmọ. Ẹ mú orin mẹ́ta láti àdúgbò mẹ́ta, ká ní Agége, Ìkòròdú àti Ìbàdàn, ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ sọ, òótọ́ ìgboro nìyẹn, èyí tí ẹyọ kan bá dá sọ lè jẹ́ ariwo ẹnu lásán. Ẹ sì wá àwọn ọmọbìnrin lọ, torí bí àwọn ọmọkùnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ obìnrin, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fóònù ni. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé nígbà táwọn bùọ̀dá bá wà ní sitúdíò, ta lẹ rò pó ń pọn àbúrò wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ ní kí ọmọ náà kọ ìlà mẹ́jọ tiẹ̀. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ju mẹ́fà lọ, ó ní, "Ańkù, ẹ má rẹ́rìn-ín o." Mo gbé bírò pupa mi, mo fàlà sábẹ́ ìlà kẹta, torí àdúrà ni: kí wọ́n má pe orúkọ òun lásẹ́ńbìlì. Kò yé mi, mo bi í. Ó ní àwọn tí ò tíì san owó ilé-ìwé ni wọ́n máa ń pe orúkọ wọn ní gbogbo Monday. Èmi ni mo jẹ owó yẹn, ó ti wọ táàmù kejì.