Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe òwò àdìrẹ tó ń pawó láì rẹ́ àwọn tó ń ṣe é jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò àdìrẹ, tẹ́ ẹ ń sọ pé kì í ṣe owó nìkan lẹ ń wá, pé ẹ fẹ́ kí àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ yẹn rí nǹkan gidi mú relé, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa má sì parun, ẹ kú èrò rere o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe dáadáa fáwọn òṣìṣẹ́ òun tí èrè bá ti wọlé, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn ọdún méjì, kò tíì ṣe é, torí èrè ò lè tó láé. Ire tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, inú owó aṣọ ni kẹ́ ẹ fi sí látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á mọ́ owó aró àti owó àbẹ́là.

Ẹ mú ire ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ gba obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣẹ́, kẹ́ ẹ tún tọ́jú odò, kẹ́ ẹ tún gbé àṣà ga, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, apá yín ò ní ká a. Kó jẹ́ ohun tẹ́ni kẹ́ni á lè rí tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́. Bíi: ọjọ́ tí ìyá bá kó aṣọ tó dì dé, ọjọ́ náà la máa sanwó ẹ̀, kò sí "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Tàbí: omi aró wa ò ní wọ odò. Ọ̀kan nínú wọn ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ mú ìwé àti bíírò. Ká ní àdìrẹ alábẹ́là (èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́) yáàdì márùn-ún ni (iye owó tí mo máa kọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà tiyín rọ́pò ẹ̀). Aṣọ funfun 12,000 náírà. Aró, kọ́sítíìkì sódà àti háídírò (kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ kí aró mú) 2,500. Àbẹ́là àti gáàsì 1,500. Owó ẹni tó ya iṣẹ́ sára aṣọ àti ẹni tó rẹ ẹ́ 5,000. Ṣọ́ọ̀bù, iná, ọkọ̀, ọ̀rá 2,000. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 23,000, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbé bíírò sílẹ̀, wọ́n á lé 3,000 lé e, wọ́n á tà á ní 26,000, inú wọn á máa dùn pé àwọn jèrè.

Èrè wo? Ẹ̀yin fúnra yín tẹ́ ẹ lọ sọ́jà, tẹ́ ẹ dúró ti iná, tẹ́ ẹ tún ń dá kọ́sítómà lóhùn lórí WhatsApp di ààjìn, ta ló ń sanwó yín? Ẹ kọ 2,000 síbẹ̀. Nínú aṣọ 20, ká ní ọ̀kan máa bàjẹ́, àbẹ́là là níbi tí kò yẹ, aró ò mú, àwọn 19 tó kù ló máa ru owó ẹ̀, ìyẹn bíi 1,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fi 1,000 sí i fún ire tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ó di 27,200. Ẹ wá rí i pé ẹni tó ń tà á ní 26,000 ń sanwó fún kọ́sítómà láti bá òun ra ọjà ni. Ẹ tà á ní 32,000, èrè yín jẹ́ 4,800, èrè tòótọ́ nìyẹn.

Mo mọ ìbéèrè tó kàn: ta ló máa ra á níye yẹn nígbà tí àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà kún ọjà bámúbámú? Ẹ má bá wọn du owó pọ́ọ́kú, ẹ ò lè borí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹ kọ́ kọ́sítómà bó ṣe máa dá a mọ̀ ni. Kó yí aṣọ náà sẹ́yìn, aró tiwa máa ń wọnú aṣọ dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Kó gbé méjì síra wọn, tọwọ́ èèyàn ò lè bára mu géérégé. Ẹ ṣe fídíò kékeré nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa aṣọ jáde látinú aró, ibi tó ti ń ti àwọ̀ ewé bọ́ sí búlúù nínú atẹ́gùn yẹn, kò sí ìpolówó tó jù ú lọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ ọn tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó bàjẹ́, ẹ tún un rẹ sí dúdú, àjákù ẹ ran án ní báàgì àti gèlè kékeré, kí ẹni tí ò ní 32,000 náà lè rí nǹkan rà.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, ìjà ọjọ́ pẹ́ ni. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ní Abẹ́òkúta, àwọn aláró ti ń lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó torí ó yá ju elú (ewé aró ìbílẹ̀) àti omi eérú lọ, àwọn oníbàárà ní aṣọ ò dáa mọ́, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn obìnrin yarí, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lọ́dún 1936. Èmi ò bá ẹni tó ń lo sódà jà o. Ṣùgbọ́n sódà ni kẹ́ ẹ dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà lórí láéláé, ó máa hó, ó máa ta síni lójú. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré sún mọ́ ọn. Aró tó ti ń rẹ̀, ẹ fi rẹ àwọn aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ kí àwọ̀ wọn má dú jù, ẹ lò ó títí agbára ẹ̀ á fi tán kẹ́ ẹ tó dà á nù, kòtò tó jìnnà sí kànga àti odò sì ni kẹ́ ẹ dà á sí. Tẹ́ ẹ bá lágbára àti ṣe elú, ẹ yà á sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ sì tà á wọ́n, torí kí wọ́n gún ewé ẹ̀, kí wọ́n mọ ọ́n ṣù, kó gbẹ, kó tún wà nínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ńlá ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kọ́ èèyàn níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wo Mama Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, wọ́n dá iléeṣẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 1983, ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ àdìrẹ níbẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n Mama ń tajà o, gálírì wọn wà ní Lẹ́kí. Ọjà títà ló ń gbé ọ̀fẹ́ dúró. Ẹ mú ọmọ iṣẹ́ méjì, ẹ má mú mẹ́wàá.

Owó tó ń wọlé ńkọ́? Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀) kẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì òwò, kí owó aṣọ má bàa di owó ẹja. Aṣọ ẹbí, ẹ gba ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé aṣọ, mọ̀lẹ́bí o, ọ̀rẹ́ o. Ìparí ọdún làwọn èèyàn máa ń ya wá ra aṣọ, nígbà òjò aṣọ ò ní gbẹ, iṣẹ́ á falẹ̀, nítorí náà nínú owó Dìsẹ́ńbà lẹ ti máa yọ owó àwọn òṣìṣẹ́ fún Júnì àti Júláì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí owó ò bá tó, kọpuréétìfù ni kẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jìnnà sí owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù yẹn, tẹ́ ò bá tètè san án, wọ́n á pe gbogbo ìjọ yín.

Lọ́jọ́ kan ẹnì kan máa dé, á ní òun fẹ́ aṣọ 200, àmọ́ 25,000 lòun máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ìwé yín, 27,200 wà níbẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó máa gba àwọ̀ kan dípò mẹ́ta, torí aró àti àbẹ́là lẹ lè dín, owó àwọn ìyá ò sí lára ohun tí wọ́n ń dúnàá-dúrà lé lórí. Tó bá kọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó máa lọ.