Bẹ́ ẹ ṣe lè tún dropdown Jira ṣe láì da tíkẹ́ẹ̀tì àtẹ̀yìnwá rú

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ ń bá àwọn èèyàn tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo ìpè tó bá wọlé lẹ̀ ń kọ sínú Jira (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọpa iṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀), ẹ wá ní field kan (àyè tí wọ́n ń kọ nǹkan sí) tó ń jẹ́ Àdúgbò, dropdown ni, ìyẹn àkójọ options téèyàn á ti mú ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú Lagere, Mayfair, Parakin, Sábó àti Modákẹ́kẹ́ (ẹ má kó Modákẹ́kẹ́ mọ́ Ifẹ̀ o, ẹ fún un láàyè tiẹ̀). Tó bá yá ẹnì kan á fi "Lagerre" sí i, méjèèjì á wá jọ wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ company-managed ni project yín (ìyẹn èyí tí admin Jira ń bójú tó ètò ẹ̀), ẹni tó jẹ́ admin Jira nìkan ló lè tún un ṣe. Kó tẹ Settings lókè, kó wọ Issues, Work items ni wọ́n ń pè é nínú Jira tuntun, lẹ́yìn náà Custom fields. Kó wá Àdúgbò jáde, kó tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó mú Contexts, ibẹ̀ ló ti máa rí Edit options. Context ló ń sọ ibi tí field yẹn àti options ẹ̀ ti máa ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo project tó kàn ná, torí tó bá jẹ́ ti gbogbo project, ohun tẹ́ ẹ bá yí níbẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Team-managed (èyí tí ẹgbẹ́ tó ni project ń bójú tó fúnra wọn) ò le tóyẹn, admin project náà á ṣe é nínú Project settings, Space settings ni wọ́n ń pè é nínú Jira tuntun.

Tó bá jẹ́ pé "Lagerre" nìkan ló wà, ẹ kàn tún orúkọ ẹ̀ kọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á yí padà fúnra wọn, torí nọ́ńbà ni Jira fi ń dá option mọ̀, kì í ṣe orúkọ. Filter (ìwákiri) tẹ́ ẹ ti sefù tó ní orúkọ àtijọ́ nínú ló máa ṣe wàhálà, ẹ lọ tún ìyẹn kọ.

Tí méjèèjì bá wà ńkọ́? Ẹ ṣáà má tíì fọwọ́ kan Delete o! Ẹ wá gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ "Lagerre" jáde báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fi JQL (èdè ìwákiri Jira) wá nǹkan: "Àdúgbò" = "Lagerre". Ẹ tẹ Bulk change (tó ń yí tíkẹ́ẹ̀tì púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan), ẹ mú gbogbo ẹ̀, ẹ yí i sí Lagere, kẹ́ ẹ sì yọ máàkì kúrò níbi tó ti ń bi yín bóyá kó fi mélì ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ foonu gbogbo ọ́fíìsì á máa dún. Tó bá ti ju 1000 lọ, ẹ pín in ṣe.

Ẹ wá padà síbi options, ẹ tẹ Disable fún "Lagerre". Kò ní hàn mọ́ fẹ́ni tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ṣùgbọ́n tó bá ku tíkẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ gbàgbé, orúkọ yẹn á ṣì wà lára ẹ̀. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn Disable nìyẹn, torí ohun tẹ́ ẹ bá fi Delete pa rẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ní ti bí wọ́n ṣe tò, ẹ lè tò ó ní A B D, èmi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ìpè ti pọ̀ jù ni mo máa ń gbé sókè pátápátá, "Ibòmíì" á wà nísàlẹ̀.