Bí Mo Ṣe Tú Aphrodita Wò, Láti Irun Ẹ̀yìn Dé Orúkọ Ìdílé

Ẹni tó bá ń rí Aphrodita aculeata fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní pè é ní aràn. Èyí tí wọ́n gbé síwájú mi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14. Ó fẹ̀ láàárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, irun eléèérú tó ti gbé ẹrẹ̀ sára sì bo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò rí orí, n kò rí ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara nìkan ni irun kan ti ń tàn yanran, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Àwọn apẹja àríwá Yúróòpù a máa pè é ní èkúté òkun, èmi ò sì bá wọn jiyàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n tú u wò ní ìpele-ìpele, kí n ya àwòrán ẹ̀yà ara rẹ̀, kí n sì kọ ìdí tí wọ́n fi tò ó sáàárín àwọn aràn òkun onírun. Mo tètè rí i pé ohun tí yóò dáhùn ìbéèrè kejì wà lábẹ́ irun yẹn. Ẹni tí kò bá ṣí irun náà yóò kàn máa sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀ ni.

Inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn kíkúnná ní ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé, láti etíkun Nọ́wè, gba Òkun Àríwá kọjá, títí dé Òkun Mẹditaréníà. Ó lè wà níbi tí omi kò ti jìn púpọ̀, wọ́n sì tún ń rí i níbi tó jìn ju mítà 1,000 lọ. Orí ló máa ń kọ́kọ́ rì sínú ẹrẹ̀, á wá yọ ìdí síta kí omi tútù lè máa wọlé, kó sì máa jáde. Ẹ fi ìdí tó ń yọ síta yẹn sọ́kàn, torí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.

Kí a tó fọwọ́ kan abẹ, a gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹran náà dáadáa. Bí a bá jù ú láàyè sínú fọ́málínì, yóò ká jọ, iṣan rẹ̀ yóò le gbagidi, ọ̀fun rẹ̀ lè jáde síta tàbí kó fà sẹ́yìn pátápátá. Omi magnesium chloride la kọ́kọ́ fi mú ara rẹ̀ dẹ̀: gíráàmù 70 nínú lítà omi kan. Nígbà tó ti dẹ̀, tí kò mira mọ́ bí a bá fi ẹ̀mú kàn án, mo gé ẹsẹ̀ mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fi wọ́n sínú sípírítì ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti DNA nìyẹn. Bí fọ́málínì bá ti wọ inú ẹran, DNA rẹ̀ máa ń já sí wẹ́wẹ́, kíkà rẹ̀ á sì di wàhálà. Ìyókù ara lọ sínú fọ́málínì ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà sínú omi, ó wá parí sínú sípírítì ìdá 70. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, torí yàtọ̀ sí fọ́málínì, irun ẹran yìí lè gún èèyàn kó sì ṣẹ́ sínú awọ.

Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ nínú abọ́ ìda, ikùn sókè. Ibi tí mo gbà pé ó yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń pe gbogbo èèyàn. Ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ilà sì là á kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: oríkèé, oríkèé, oríkèé. Mo kà á, ó súnmọ́ 40. Kò sí ìkarawun kankan, kò sì sí ẹsẹ̀ oníkókó bíi ti akàn. Ara tó pín sí oríkèé tó tẹ̀ léra, tí oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí irun sì hù lára ẹsẹ̀ yẹn, ti tó láti fi mọ̀ pé inú agbo Annelida, ìyẹn àwọn aràn tí ara wọn pín sí oríkèé, la wà, agbo kan náà pẹ̀lú ekòló.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí ẹ̀ka méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá líle kan wà tó gbé e ró, tí iṣan so mọ́. Irun ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó sì kúrú. Òun ló fi ń rìn lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀ka òkè ló wá di nǹkan mìíràn, torí oríṣi irun mẹ́ta ló ń hù níbẹ̀: àwọn ọ̀pá líle aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gún ọ̀tá, àwọn tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn títí wọ́n fi bo ẹ̀yìn.

Àwọn tó ń tàn yẹn gbà mí lákòókò ju bó ti yẹ lọ. Mo fi ẹ̀mú yọ ẹyọ kan, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo sì ń yí iná yípo. Nígbà tí iná bá kọlù ú gbọnrangandan, ó pupa. Bí mo bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó di búlúù. Kò sí aró kankan nínú rẹ̀. Chitin ló fi ṣe é, ohun kan náà tó wà nínú èèpo akàn, ṣùgbọ́n ihò tín-tìn-tín kún inú rẹ̀ láti ìdí dé orí, wọ́n tò tẹ̀ léra ní igun mẹ́fà-mẹ́fà, àlàfo tó wà láàárín wọn sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á máa fọ́n ká láàárín ihò wọ̀nyẹn, àwọ̀ kan á padà sí ojú wa, ìyókù á kọjá lọ. Ọdún 2001 ni Andrew Parker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ètò ihò yìí nínú ìwé ìròyìn Nature. Mo gé irun náà ní ìbú, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù lásán, n kò rí ihò kan ṣoṣo, torí ẹ̀rọ oníná-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló lè fi wọ́n hàn ketekete. Ní Nọ́wè, àwọn onímọ̀ ti lo àwọn ihò náà láti mọ wáyà tín-tìn-tín, wọ́n fi bàbà àti níkẹ́lì kún wọn. Ohun tí ẹran náà fúnra rẹ̀ ń fi àwọ̀ náà ṣe, ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn nìyẹn. Ìkìlọ̀ fún ẹja tó fẹ́ gbé e mì ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó jẹ́.

Mo wá yí i padà, ẹ̀yìn sókè. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lára irun, nítorí ẹrẹ̀ máa ń sọ sísọ́ọ̀sì di kújú. Láti ẹ̀bá ìdí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ gígé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì sún mọ́ òkè kí ó má bàa já sínú. Irun náà nípọn ju bí a ṣe lè rò lọ. Kì í ṣe awọ, kì í sì í ṣe nǹkan tó hù láti inú ẹ̀yìn fúnra rẹ̀: láti ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ni irun wẹ́wẹ́ ti ń wá, tí wọ́n pàdé láàárín, tí wọ́n sì lọ́ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi di ìbora kan ṣoṣo. Mo ká a sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹ́ wà. Ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dán, kò ní irun kankan lórí, wọ́n gun ara wọn bíi páánù orí ilé. Méjì-méjì ni wọ́n wà, ó sì jẹ́ méjì lọ́nà 15. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni oríkèé tí wọ́n wà. Kì í ṣe gbogbo oríkèé ló ní ìpẹ́. Wọ́n wà lórí oríkèé 2, 4, 5, 7, láti ibẹ̀ wọ́n á máa fo ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá sì súnmọ́ ìdí wọ́n á máa fo méjì. Lórí oríkèé tí kò ní ìpẹ́, ìwo kékeré kan ló hù dípò rẹ̀. Mo fi píìnì oníwọ̀n kéékèèké sàmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí n tó ya àwòrán, torí ìpẹ́ máa ń tú nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án, àmọ́ kùkùté tí ó wà lórí rẹ̀ kì í lọ. Bí ìpẹ́ bá sọnù, kùkùté ni kí ẹ kà.

Àyè tó wà láàárín ìpẹ́ àti ẹ̀yìn ni ẹran náà ti ń mí. Ó ń gbé awọ ẹ̀yìn sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi sì ń gba ibẹ̀ kọjá, á jáde ní ìdí. Irun tó lọ́ mọ́ra ń sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú omi náà. Ìdí tí ó fi ń yọ ìdí síta láàárín ẹrẹ̀ nìyẹn.

Èmi ò rò pé orí rẹ̀ wú ẹnikẹ́ni lórí. Mo fi ẹ̀mú ya irun oríkèé àkọ́kọ́ sí méjì, mo rí kókó róbótó kékeré kan, ìwo kan ṣoṣo láàárín, ìwo gígùn méjì tó fi ń tọ́ nǹkan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, àti ojú kéékèèké. Ìwo kan ṣoṣo yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ìdílé Polynoidae, tí wọ́n pọ̀ jù nínú gbogbo aràn onípẹ́, sábà ní mẹ́ta, wọ́n sì ní eyín líle mẹ́rin nínú ọ̀fun. Mo la ọ̀fun Aphrodita, iṣan nìkan ló kún ibẹ̀, ó le, ó nípọn, kò sí eyín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ apẹran ni, aràn mìíràn ló ń gbé mì jù.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀fun yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ ó ti rí àwòrán Eulagisca gigantea, aràn onípẹ́ ńlá ti òkun Antarctica tí onímọ̀ ẹ̀dá tó ń jẹ́ Monro fún lórúkọ ní 1939. Àwọn èèyàn ń pín in kiri pé ojú abàmì nìyẹn, pé eyín rẹ̀ ń dán. Ohun tí wọ́n ń pè ní orí yẹn kì í ṣe orí. Ọ̀fun tó ti yí padà jáde sí ìta ni, eyín rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun. Orí gan-an kéré, ẹ̀yìn ọ̀fun yẹn ló wà, ẹnikẹ́ni kì í sì wò ó.

Inú ara kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Ìfun gba àárín kọjá, ẹ̀ka méjì-méjì sì ń yà kúrò lára rẹ̀ bó ti ń lọ, wọ́n ń lọ sókè sẹ́bàá ìpẹ́. Okùn iṣan ìmọ̀lára wà ní ìsàlẹ̀, ní ikùn, kì í ṣe ní ẹ̀yìn bíi ti àwa ẹlẹ́gungun, ó sì ní kókó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí náà jọ ti ekòló.

Ó wá ku ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Linnaeus, onímọ̀ ará Swídìn tó gbé ètò ìsọlórúkọ ẹ̀dá kalẹ̀, ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1758, nínú ìwé rẹ̀ Systema Naturae, ó sì fi í sáàárín àwọn tó pè ní Mollusca nínú ẹ̀ka Vermes, níbi tí ẹran rírọ̀ tí kò ní ìkarawun wà. Nereis, tó jọ aràn lójú gbogbo èèyàn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e: Grube dá ẹgbẹ́ Polychaeta, ìyẹn àwọn aràn onírun, sílẹ̀ ní 1850, Malmgren sì kọ ìdílé Aphroditidae ní 1867. Láàárín àkókò yẹn, Quatrefages pín àwọn aràn onírun sí Errantia, àwọn tó ń rìn kiri, àti Sedentaria, àwọn tó dúró sójú kan. Àwọn èèyàn pa ìpín yẹn tì fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tí Torsten Struck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àbùdá (jíìnì) àwọn aràn wé ara wọn ní 2011, tí ìpín méjèèjì sì padà wá pẹ̀lú àtúnṣe. Ekòló àti eṣúṣú bọ́ sínú Sedentaria. Ìyẹn fi hàn pé Polychaeta, bí a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ gidi kan tó dá dúró. Mo ṣì lo orúkọ náà nínú ìwé mi nítorí gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo kọ Errantia sí abẹ́ Annelida, lẹ́yìn rẹ̀ Phyllodocida, ẹ̀ka tí àwọn aràn onípẹ́ wà, lẹ́yìn rẹ̀ Aphroditidae.

Kí n tó kọ orúkọ ìran (genus), ẹnì kan ṣì wà láti yọ kúrò, ìyẹn Laetmonice, tó wà nínú ìdílé kan náà, tó sì ń gbé nínú omi tútù Àtìláńtíìkì pẹ̀lú. Laetmonice kì í sábà ní ìbora irun, ìpẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn ọ̀pá irun rẹ̀ sì ní ẹ̀gún tó tẹ̀ sẹ́yìn ní orí, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀kọ̀ fà yọ. Mo yẹ ọ̀pá irun mélòó kan wò láti apá iwájú, àárín àti ìdí. Wọ́n mú, wọ́n sì tẹ́jú, kò sí ẹ̀gún kankan ní orí wọn. Ìbora irun sì ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo kó ìpẹ́ sínú ìgò kékeré tiwọn, mo fi irun tó ń tàn sínú òmíràn, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ ìwé tó máa wọ inú sípírítì pẹ̀lú ara náà, torí sípírítì máa ń fọ yíǹkì nù. Mo kọ ọ̀gbun tí wọ́n ti fà á jáde, mo kọ ohun tí a fi tọ́jú rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, mo kọ pé ẹsẹ̀ apá òsì kò pé nítorí DNA. Orúkọ tó wà lókè rẹ̀ ni Aphrodita aculeata Linnaeus, 1758, mi ò sì fi àkámọ́ yí orúkọ Linnaeus ká, nítorí ẹran yìí kò tíì kúrò nínú ìran tó fi í sí láti ọdún yẹn.