Bí A Ṣe Lè Dènà Dídì Ẹ̀jẹ̀ Nínú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Àfọwọ́ṣe

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ wa ní ìbòrí fẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tú èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jáde. Iṣan àfọwọ́ṣe, yálà oníke ni tàbí èyí tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hù ní yàrá ìwádìí, sábà máa ń wọ inú ara láìní irú ìbòrí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kan ògiri rẹ̀, yóò kà á sí ojú egbò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Èyí tí inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó mìlímítà 6 ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn olùṣèwádìí ń gbin sẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi hẹ́párìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ra ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kù sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi iṣan náà sí lára kò kéré.

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí fífọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ni wọ́n ṣe fi iṣan náà sí yín lápá, ẹ máa fi ìka méjì lé e ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Ẹ ó gbọ́ ìgbọ̀nrìrì lábẹ́ awọ, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́ níta tí ògiri ilé sì ń gbọ̀n. Bí ó bá dín kù ju ti àná lọ, tàbí tí ó dákẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹni tí ó wà ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà ní láti pe àwọn nọ́ọ̀sì tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún un, kí ó sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ṣe pẹ́ tó ni yíyọ rẹ̀ ṣe ń nira sí i.

Nínú ọkọ̀ pàápàá, ẹ jókòó sí ibi tí apá náà yóò ti nà, kí èrò má baà fún un mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fi í gbé àpò ẹrù kọ́, ẹ má sùn lé e, ẹ má sì wọ ẹ̀gbà tàbí aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ há. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọn ìfúnpá yín tàbí fa ẹ̀jẹ̀ yín, kí ó lo apá kejì. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba, dókítà ìbáà jẹ́.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì a máa mú kí ìfúnpá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa rọra ṣàn jù, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dì. Ẹ má ṣe kàn dédé mu omi púpọ̀, nítorí pé wọ́n ti díwọ̀n omi fún ọ̀pọ̀ aláìsàn kíndìnrín. Ẹ pe dókítà. Òun náà ni yóò sọ bóyá áspírìn yẹ yín, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ, a kì í sì í fi àgbo kún un láìsọ fún dókítà.

Bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ yín tí wọ́n sì yọ abẹ́rẹ́ tán, ẹ fi ìka tẹ ojú ihò náà jẹ́ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ má ṣe fi bándéèjì dì í pa: bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí ẹ ṣì máa gbọ́ ìgbọ̀nrìrì náà lókè àti nísàlẹ̀ ìka yín.