Bí Mo Ṣe Ṣètò Alẹ́ Orin Olórin Mẹ́ta

Olórin mẹ́ta ni mo pè, orin tí wọ́n fúnra wọn hun sì ni gbogbo wọn ń kọ. Méjì jẹ́ olórin folk, ìyẹn orin ìtàn tí kò nílò ohun èlò púpọ̀; gìtá nìkan ni wọ́n gbé wá. Ẹnì kẹta ń kọ soul, ìyẹn orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó sì ń tẹ dùùrù sí i. Àwọn kan bi mí bóyá irú orin méjèèjì bára mu. Èmi ti ń gbọ́ Bill Withers, olórin soul ará Amẹ́ríkà, tipẹ́. Nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1971, ó ń fi gìtá sọ ìtàn àwọn èèyàn rẹ̀, síbẹ̀ soul ni gbogbo ohùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ mí lógún: kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin ketekete.

Yàrá méjì ni wọ́n fi hàn mí. Mo dúró láàárín èyí tó tóbi, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìró rẹ̀ sì ń ti ògiri dé ògiri kó tó kú. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè dáa fún ẹgbẹ́ akọrin ńlá, ṣùgbọ́n á gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo mú èyí tó kéré, tó ní kọ́tìnnì tó nípọn, mo to àga 60 síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àyè ṣì wà fún 20 sí i. Mo kọ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ohùn. Ẹni tí yóò kọrin gbẹ̀yìn la kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹni tí yóò ṣíde la fi kádìí rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ parí, gbogbo wáyà àti máìkì á ti wà níbi tí olórin àkọ́kọ́ fẹ́ wọn, kò ní sí pé à ń fa wáyà kiri lójú èrò.

Gìtá ẹnì kejì ló fún wa níṣẹ́. Bó ṣe ta okùn tó nípọn jù lọ báyìí, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ó ń le sí i bí ẹni pé màlúù wà lábẹ́ pèpéle. Àbúrò tó wà nídìí ẹ̀rọ fẹ́ dín gbogbo ohùn kù, mo ní kó dúró ná. Ikùn gìtá ló fà á: ìró tó ń ti sípíkà jáde ń wọ ihò rẹ̀, ó ń mi pátákó rẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lára gìtá á gbé e, á tún rán an padà sí sípíkà, àyípo náà ò ní dópin. A fi ọmọrí rọ́bà dí ihò náà. Àbúrò náà wá dín ohùn gìtá kù ní nǹkan bí 100 Hz, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ tó ń mì ní nǹkan bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí ikùn irú gìtá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dún sí. Lẹ́yìn náà, a gbé sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn máìkì gan-an, torí irú máìkì tí a lò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Híhu náà dákẹ́ wẹ́lo. “Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ́,” ni àbúrò náà wí.

Mo fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà: ẹni tó bá pẹ́, ìgbà tí àtẹ́wọ́ bá ń dún nìkan ni kó wọlé.

Okùn irin máa ń dẹ̀ bí ooru bá mú yàrá, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Torí náà ni mo ṣe bẹ àwọn olórin pé kí wọ́n tètè gbé gìtá wọlé, kó lè bá yàrá mu. Síbẹ̀, nígbà tí èrò kún, ọ̀kan nínú wọn ní láti dúró tún okùn rẹ̀ fà láàárín orin méjì. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń ta á, ó sì ń sọ bí orin tó kàn ṣe bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà kan tí bàbá rẹ̀ kọ tí kò fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju orin náà lọ.

Nígbà tó kan orin ìkẹyìn, olórin soul náà dìde nídìí dùùrù, ó fi máìkì sílẹ̀, ó rìn bọ́ sí etí pèpéle, ó sì kọ ọ́ láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.