Ìrírí Mi: AC Mọ́jú Nínú Bọ́ọ̀sì, Láìsí NẸ́PÀ, Láìsí Jẹ́nẹ́

Oko ìdílé wa wà lẹ́yìn Ìjàyè, lójú ọ̀nà tó ti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn, òpó iná kankan ò sì tíì débẹ̀. Bọ́ọ̀sì Hiace àtijọ́ kan ni èmi àti ìyàwó mi fi ń lọ sùn níbẹ̀ láti Ìbàdàn. A yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, a ra pákó ní Bódìjà, káfíńtà sì bá wa kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí ó di ilé. Ooru ni kò jẹ́. Ẹni tó bá ti sùn nínú ọkọ̀ rí ní oṣù Ẹrẹ́nà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ò sì lè ní kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, torí ẹ̀fọn oko kì í bá ènìyàn ṣeré.

"Bọ̀dá, ẹ kúkú gbé jẹ́nẹ́ kékeré dání," ni ọmọkùnrin tó ń bá wa tún AC ilé ṣe wí. Jẹ́nẹ́ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé AC 1 horsepower. Èyí tó lè gbé e á máa pariwo mọ́jú, á máa mu bẹntiróòlù, èéfín rẹ̀ ló sì bà mí lẹ́rù jù. Carbon monoxide inú èéfín yẹn ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Jẹ́nẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi sùn sí? Rárá o. Bátìrì tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń kún ni mo pinnu láti fi gbé AC.

Kí n tó béèrè iye bátìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ooru tó ń wọlé ni mo kọ́kọ́ gbógun tì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, wọ́n á ní ká ṣáà ra bátìrì ńlá. A tú gbogbo ohun tí wọ́n fi bo inú òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, a lẹ fóòmù líle tó nípọn tó ínǹṣì kan mọ́ irin rẹ̀, a fi bébà fàdákà tó ń dá ìtànṣán padà bò ó, a wá fi plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e. Gíláàsì ló ni wá lára jù. Mo gé bébà fàdákà yẹn ní ìwọ̀n fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ti gíláàsì iwájú, ìta ni mo ń tẹ́ ẹ sí, nítorí bí oòrùn bá ti la gíláàsì kọjá, ooru ti wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn ìjókòó dẹ́rẹ́bà, a ta kọ́tìnnì tó nípọn, kí AC má bàa máa tu ibi tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí lára.

Nígbà tí a gbé AC sí i tán, mo wo mítà lójú. Bí kọ́tìnnì bá wà ní ṣíṣí, tí mo sì ká bébà fàdákà kúrò, ó ń fa nǹkan bíi 800 watt, kò sì fẹ́ wálẹ̀. Bí mo bá dí gbogbo rẹ̀, tí yàrá sì ti tutù, ó ń rọra fa bíi 350. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Bátìrì mi jẹ́ lithium, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 25.6 volt, 200 amp-hour. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 5,120 watt-hour, ìyẹn gbogbo iná tó lè gbà. Mi ò kí ń lò ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, kí ó lè pẹ́. Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí AC ń lò, á jẹ tirẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó kù fún AC ò ju 3,700 lọ. Pẹ̀lú 800 watt, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló máa lò. Pẹ̀lú 350, ó lé ní wákàtí mẹ́wàá. Bátìrì kan náà ni o! Fóòmù àti kọ́tìnnì ló fi wákàtí mẹ́fà kún un, owó wọn ò sì tó nǹkan kan lára owó bátìrì.

Ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀ fẹ́ kí n ra tubular, irú bátìrì tó ń lo ásíìdì. Ó dára nínú ilé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ènìyàn lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà mẹ́rin onígba-ó-lé-ogún amp ni màá nílò kí n tó rí ohun tí lithium kan ń fún mi, ọ̀kan sì lè wúwo tó 60 kílò. Bọ́ọ̀sì mi ti dàgbà ju kí n máa gbé àgbàlagbà mẹ́rin tí kì í sọ̀kalẹ̀ kiri lọ.

AC náà jẹ́ split 1 horsepower, tí apá kan rẹ̀ wà nínú, tí apá kan wà níta. Irú tí wọ́n ń pè ní inverter AC ni, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè yára tàbí kó rọra ṣiṣẹ́. Tí AC àtijọ́ bá fẹ́ gbéra, ó lè já iná gbà ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó ń lò, inverter bátìrì tó bá kéré á sì kú lójú ẹsẹ̀. Èyí ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni. Wẹ́dà so apá tó ń gbé síta mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú férémù irin, ó fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A ká páìpù kọ́pà po lẹ́ẹ̀kan kí gbágungbàgun ọ̀nà má bàa já a lójú ìdè. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún AC ilé ṣe yẹn fẹ́ fi gáàsì AC lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó lọ gbé pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wá. Ó kùn díẹ̀, ó sì lọ. Bí a bá ti ibi tí ọ̀nà ò dáa dé, mo máa ń fi ìfófò ọṣẹ pa àwọn ìdè náà. Bí ó bá hó, gáàsì ń jò nìyẹn.

Wáyà láti bátìrì sí inverter jẹ́ 35 mm², ó kúrú, fíúùsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà tín-ín-rín tàn yín níbí, iná lè sọ.

Pánẹ́ẹ̀lì 550 watt méjì ló gba orí òrùlé. A gbé wọn sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọn, wọ́n sì tún di ibòji fún òrùlé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ́ igi máńgòrò ló tutù, inú oòrùn sì ni pánẹ́ẹ̀lì ti ń jẹun. Èmi gbà pé kí ọkọ̀ wà nínú oòrùn, kí àwa wà lábẹ́ igi. Ta ni yóò tiẹ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án nígbà tó wá sóko? Bí oòrùn bá wọ̀, a ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ooru ọ̀sán jáde, lẹ́yìn náà la ó tì í, tí AC á bẹ̀rẹ̀. 25 ni mo máa ń gbé e sí. Split kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, nítorí náà fèrèsé kékeré kan tó ní nẹ́ẹ̀tì máa ń ṣí díẹ̀, a kì í sì í dáná nínú ọkọ̀ rárá.

Ní oṣù Agẹmọ àti Ògún, òjò àti kùrukùru kì í jẹ́ kí bátìrì kún. Mo ní ẹ̀rọ kan tó ń gba iná sí bátìrì lára alternator, ohun tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fi ń ṣe iná, bí a bá ń rìn, ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí kan ò fún wa ju nǹkan bíi 500 watt-hour lọ. Bó ti wù kó rí, òru ìgbà yẹn máa ń tutù, fáànù kékeré tó ń lo 30 watt ti tó wa. Nígbà mìíràn, ìyàwó mi á ní kí n pa ìyẹn náà.